Omi Ògì fún Ẹja Àrọ̀

Ẹ̀yin àgbẹ̀ Ajue tí ẹ ń sin àrọ̀ nínú adágún, ẹ kíyè sí èyí. Kòkòrò tí ojú kò lè rí ń bẹ nínú ìfun ẹja. Òmíràn ń ṣe é lóore, òmíràn a sì máa pa á. Lactobacillus, tí ń mú omi ògì wa kan, wà nínú àwọn rere. A ti dán an wò fún àrọ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wọ́n omi ògì díẹ̀ sí oúnjẹ tí ẹja yóò jẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe sè é, nítorí iná ń pa kòkòrò náà. Ẹ kọ́kọ́ fi ẹja díẹ̀ dán an wò. Oògùn apakòkòrò a máa pa rere pọ̀ mọ́ búburú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran kí ẹ tó lò ó. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ máa pààrọ̀ omi adágún, nítorí omi ògì kò lè gba ẹja tí ń gbé inú ìdọ̀tí là.