Ẹ Fi Èso Ìgbà sí Ẹ̀kọ Àárọ̀ Yín

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nígbà tí mángòrò bá ń pọ́n láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Kẹfà, ẹ wo abẹ́ igi náà ní òwúrọ̀. Èyí tí ó dára a máa lọ sí ọjà. Èyí tí ó kù a wà nílẹ̀ títí eṣinṣin yóò fi bò ó. Ní òwúrọ̀ kan náà, nínú ilé tí kò jìnnà sí igi yìí, ọmọ kékeré ń mu ẹ̀kọ tí kò ní ju ògì, omi àti ṣúgà díẹ̀ lọ. Oúnjẹ ń ṣòfò lábẹ́ igi, àìní sì wà nínú abọ́. Ìwé yìí yóò fi hàn yín bí ẹ ó ṣe mú àwọn méjèèjì pàdé.

OHUN TÍ ÒGÌ NÍ ÀTI OHUN TÍ KÒ NÍ

Ògì jẹ́ oúnjẹ tí ó dára. Ó ń fún ni ní agbára, kò sì nira fún inú ọmọdé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá rẹ ọkà fún ọjọ́ 2 tàbí 3, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, tí a sì da omi orí rẹ̀ nù, púpọ̀ nínú ohun rere inú ọkà náà a bá eèrí àti omi lọ. Bí a bá tún po ẹ̀kọ náà kí ó ṣàn bí omi, inú ọmọ yóò kún, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò ní rí ohun tí yóò fi dàgbà.

Ní ọdún 1933, dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, èyí tí a ń pè ní Ghana lónìí, kọ̀wé nípa àìsàn kan tí ó rí lára àwọn ọmọ tí oúnjẹ wọn kò ju ẹ̀kọ àgbàdo lọ lẹ́yìn tí a ti já ọmú lẹ́nu wọn. Ẹsẹ̀ wọn a wú, irun wọn a pọ́n, awọ ara wọn a sì máa bó. Kwashiorkor ni àwọn Gã ń pe àìsàn yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé èso nìkan lè dènà rẹ̀. Ẹ̀pà, ẹ̀wà, sóyà, ẹyin, wàrà àti ẹja ni ó ń mọ ara ọmọ. Iṣẹ́ tí èso ń ṣe yàtọ̀. Mángòrò àti ìbẹ́pẹ ní ohun tí ara fi ń ṣe fítámì A, tí ó ń dáàbò bo ojú, tí ó sì ń ran ara lọ́wọ́ láti bá àrùn jà. Ọsàn, gúrófà àti èso kajú ní fítámì C, tí ó ń jẹ́ kí ara lè gba èròjà irin inú ọkà láti fi ṣe ẹ̀jẹ̀. Adùn èso náà yóò sì dín owó ṣúgà kù.

ÈSO TÍ ÌGBÀ KỌ̀Ọ̀KAN Ń MÚ WÁ

Kò sí oṣù kan nínú ọdún tí oko wa kò ní èso. Ọsàn a máa pọ̀ láti oṣù Kẹwàá títí di oṣù Kejì. Àgbálùmọ̀ a máa dé ní oṣù Kejìlá. Kajú a tẹ̀lé e ní oṣù Kejì, mángòrò a sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní oṣù Kẹta. Ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ ń so yípo ọdún.

Ẹ ti lè rí óòtì inú agolo lọ́jà, tí àwọn ènìyàn ń gé èso sí. Ọkà ilẹ̀ tútù ni óòtì, oúnjẹ rere sì ni. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí àgbẹ̀ tí ó ní àgbàdo àti ọkà bàbà nínú àká ta wọ́n nítorí kí ó lè ra óòtì. Iṣẹ́ tí èso ń ṣe nínú óòtì, òun náà ni ó ń ṣe nínú ògì.

BÍ A ṢE Ń SE É FÚN ỌMỌ MÉJÌ

1. Ẹ fi omi tí ó mọ́ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti èso náà kí ẹ tó bó o.

2. Ẹ fi omi tútù díẹ̀ po ògì ṣíbí ńlá 4. Ẹ gbé omi ife 1 ka iná. Nígbà tí ó bá hó, ẹ da ògì náà sí i, kí ẹ sì máa rò ó. Ó gbọ́dọ̀ ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní tètè ṣàn kúrò lórí ṣíbí.

3. Ẹ fi ẹ̀pà yíyan tí a ti lọ̀ kúnná, ṣíbí ńlá 2, sí i. Ẹ jẹ́ kí ó hó fún ìṣẹ́jú 5.

4. Ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Nígbà tí ó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi mángòrò tàbí ìbẹ́pẹ tí a ti tẹ̀ rọ̀, ìdajì ife, rò ó pọ̀. Ẹ má ṣe se èso náà lórí iná, nítorí ooru ń ba fítámì C jẹ́.

5. Kí ọmọ jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe fi í pamọ́ di ọjọ́ kejì.

Ẹ lè máa pààrọ̀ rẹ̀ bí ìgbà ti ń yí: ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lónìí, ìbẹ́pẹ pẹ̀lú omi ọsàn lọ́la, mángòrò lọ́túnla. Bí ẹ bá fi wàrà sí i, ẹ má ṣe fún ọsàn sí i, kí wàrà náà má baà dì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ògì tí ó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó pa àgbàdo ife 4 pọ̀ mọ́ sóyà ife 1. Ẹ kọ́kọ́ se sóyà náà nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 30, nítorí pé sóyà tútù kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà dáradára nínú. Ẹ bó èèpo rẹ̀, kí ẹ sì lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ àgbàdo tí ẹ ti rẹ.

ÌKÌLỌ̀

Ọmú ìyá nìkan ni kí ọmọ máa mu títí yóò fi pé oṣù 6. Ẹ má ṣe fi oyin sí ẹ̀kọ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1. Ẹ yọ gbogbo kóró èso kúrò, ẹ má sì fún ọmọdé ní ẹ̀pà odidi, kí ó má baà há a lọ́fun. Ẹ̀pà tàbí àgbàdo tí ó bu kò yẹ ní jíjẹ rárá, nítorí májèlé inú rẹ̀ a máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

IṢẸ́ TÍ Ó WÀ FÚN ẸGBẸ́

Ní ìgbà ìkórè, kí ẹgbẹ́ máa ṣa èso sí ọ̀nà mẹ́ta. Èyí tí ó pé, tí ara rẹ̀ sì dán, ẹ kó o lọ sí ọjà. Èyí tí ó fi ara pa díẹ̀ nígbà tí ó já bọ́, ẹ gé ibi tí ó fi ara pa kúrò, kí ẹ sì pín in fún àwọn ìdílé láti jẹ ní ọjọ́ náà. Èyí tí ó ti jẹrà, ẹ sọ ọ́ sí ààtàn kí ó di ilẹ̀dú fún oko.

Kí olúkúlùkù sì gbin ìbẹ́pẹ díẹ̀ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìbẹ́pẹ tí a bá tọ́jú lè so láàrin ọdún kan.

Àwọn baba wa sọ pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Èso tí a ń kó lọ fún ará ìlú níláti kọ́kọ́ hàn ní ara àwọn ọmọ tiwa. Bí ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé yìí kò bá yé yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín, tàbí lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ yín.