Ọmọ Ẹṣin Tí Ìyá Rẹ̀ Kú: Bí A Ṣe Ń Bọ́ Ọ Tí A Sì Ń Tọ́ Ọ Dàgbà



Lẹ́yìn Iléyá kan ni ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Àgbàdo níbí, tí àwọn òbí rẹ̀ mú lọ wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, padà wá sí kíláàsì pẹ̀lú ìbéèrè méjì. Ó ní òun rí ẹṣin lóríṣiríṣi tí àwọn ọmọ ìdílé Balógun gùn wá júbà Ọba, ṣùgbọ́n òun kò rí ọmọ ẹṣin kan ṣoṣo láàárín wọn. Níbo ni wọ́n ń bí wọn sí? Bí ìyá ọmọ ẹṣin bá sì kú, ta ni yóò fún un lọ́mú? Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé àìmọ ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yẹn ti jẹ́ kí ẹran kan kú mọ́ mi lọ́wọ́ rí, bí n óò ti sọ níwájú.

Ti àkọ́kọ́ kò le. Ilẹ̀ igbó wa kò gba ẹṣin dáadáa. Eṣinṣin tsetse, tí ń gbé inú igbó àti etí odò, máa ń gbin àrùn sínú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin nígbà tó bá jẹ ẹ́. Ẹṣin á máa rù, ibà á máa mú un, títí yóò fi kú. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ Ilé àtijọ́, pẹ̀lú gbogbo agbára wọn, fi ń ra ẹṣin láti òkè ọya, tí ẹṣin wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ wúlò nínú igbó kìjikìji. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ẹṣin tí à ń rí ní Èkó, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbá pólò, eré tí wọ́n ti ń ṣe ní Èkó láti ọdún 1904, ìbáà ṣe èyí tí wọ́n fi ń gbé ọmọdé rìn létí òkun, òkè ọya tàbí òkè òkun ni wọ́n ti bí i.

Ìbéèrè kejì ni ọ̀rọ̀ wà. Àwọn onímọ̀ èdè Lárúbáwá ti ṣàlàyé pé láàárín ọmọ ènìyàn, ẹni tí bàbá rẹ̀ kú kí ó tó bàlágà ni à ń pè ní yatīm, ṣùgbọ́n láàárín ẹranko, ìyá ni wọ́n ń wò. Òótọ́ ni wọ́n sọ, akọ ẹṣin kì í bọ́ ọmọ. Oyún ẹṣin ń gba nǹkan bí oṣù 11, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì sábà máa ń bí. Ẹni tí abo ẹṣin rẹ̀ bá kú lórí ìkúnlẹ̀ ti pàdánù púpọ̀, ọmọ yẹn nìkan ni ó kù sí i lọ́wọ́.

Ọmọ ẹṣin tí ara rẹ̀ le á dìde dúró láàárín wákàtí kan tí wọ́n bí i, á sì ti mu ọmú kí wákàtí méjì tó pé. Ìkánjú yẹn ní ìdí. Ọmọ ènìyàn ti ń gba ohun ìjà tí ara fi ń bá àrùn jà láti inú ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Ti ẹṣin kò rí bẹ́ẹ̀. Ti màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́ náà kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé olóbi wọn kì í jẹ́ kí ohun ìjà yẹn kọjá. Inú wàrà àkọ́kọ́ ni Ọlọ́hun kó o sí, èyí tó ki, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, tó pupa rẹ́súrẹ́sú bí inú ẹyin, tí Lárúbáwá ń pè ní al-liba’. Ìfun ọmọ ẹṣin ṣí sílẹ̀ láti gbà á fún wákàtí díẹ̀ péré. Tó bá ti tó wákàtí 12, ilẹ̀kùn ti ń padé. Nígbà tó bá fi di wákàtí 24, ó ti padé tán. Ẹni tó bá wá fún un ní odidi garawa kan lọ́jọ́ kejì, oúnjẹ lásán ló fún un.

Nítorí náà, bí abo ẹṣin bá kú, kí á má kọ́kọ́ jókòó káwọ́ lérí. Kí á fún wàrà ọmú rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ṣì gbóná, kí á sì ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn tí abo ẹṣin tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Lítà kan sí méjì, díẹ̀díẹ̀, kí wákàtí 12 tó pé. Àwọn olùsìn ẹṣin tó mọṣẹ́ máa ń fún díẹ̀ pamọ́ sínú fírísà lára abo tó lómi ọmú púpọ̀. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni wọ́n fi ń yọ́ ọ. Omi gbígbóná á ba ohun ìjà inú rẹ̀ jẹ́. Bí kò bá sí rárá, dókítà ẹran lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò, kí ó sì fa omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹṣin mìíràn sí i lára. Ilé-ìwòsàn ẹran wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì wà ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kí á má sì gbàgbé ìwọ́ rẹ̀. Oògùn apakòkòrò ni kí á tẹ̀ ẹ́ bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń gbà wọ ara, tí oríkèé ọmọ á fi wú.

Lẹ́yìn èyí, wàrà wo ni kí á máa fún un? Wàrà ẹṣin fúyẹ́. Ọ̀rá inú rẹ̀ kò tó ti màlúù, ṣùgbọ́n ó dùn ju ti màlúù lọ. Bí ènìyàn bá kàn gba wàrà tútù lọ́wọ́ Fúlàní, tó gbé e fún ọmọ ẹṣin bẹ́ẹ̀, ìgbẹ́ gbuuru lè bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn dókítà ẹran ń wí ni pé kí á lo èyí tí a ti dín ọ̀rá rẹ̀ kù bí ìdajì, kí á sì po gíráàmù 20 gúlúkóòsì mọ́ lítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀wọ́, gúlúkóòsì ni mo wí, kì í ṣe ṣúgà tíì. Inú ọmọ ẹṣin kò tíì lè da ṣúgà. Wàrà ewúrẹ́ ní tirẹ̀ ṣeé fún un láìfi nǹkan kan là á. Kódà wọ́n ti gbé ewúrẹ́ sórí pèpéle rí kí ọmọ ẹṣin lè dúró tì í mu ọmú! Ẹni tó rówó á ra ìyẹ̀fun wàrà tí wọ́n ṣe fún ọmọ ẹṣin.

Èyí tó dára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni abo ẹṣin tí ọmọ tirẹ̀ kú, bí ó bá gbà. Kì í tètè gbà. Òórùn ló fi ń mọ ọmọ rẹ̀, nítorí náà wọ́n á fi wàrà rẹ̀ pa ọmọ àlejò lára, wọ́n á sì fi ìpara tó ń ta sánsán bíi Robb sí abo náà níhò imú, kí ó má baà mọ ìyàtọ̀. Kí àgbàlagbà méjì dì í mú ní àkókò yìí, torí ìpá ẹṣin kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré.

Ọmọ ẹṣin tó wọn kílò 30 á mu bíi lítà 3 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kí ó tó di ọjọ́ kẹwàá, á ti ń mu 6 sí 7. Lábẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè mu ọmú nígbà méje láàárín wákàtí kan, ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò ṣe ìyẹn? Wákàtí méjì-méjì ni àwa lè ṣe, tọ̀sán-tòru, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò di mẹ́ta, yóò sì di mẹ́rin. Níbẹ̀ ni ó ti ń sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Sààrì tí à ń jí sí nínú oṣù Àwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ni lóru. Èyí, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni. Àbùjá rẹ̀ ni kí á tètè kọ́ ọ láti mu nínú garawa tí kò jìn: kí á fi ìka tí wàrà wà lára rẹ̀ sí i lẹ́nu, kí á máa fi ìka náà darí ẹnu rẹ̀ lọ sínú garawa. Láàárín ọjọ́ kan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń mọ̀ ọ́n.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tèmi. Ọmọ àgùntàn ni, kì í ṣe ẹṣin. Ìyá rẹ̀ kú, mo gbé e lé itan, mo dá a délẹ̀ bí ọmọ ènìyàn, mo fi fídà sí i lẹ́nu. Ó ń mu, inú mi ń dùn, mo tún ń fún fídà náà pọ̀ kí ó lè tètè yó. Lọ́jọ́ kẹta ó bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, imú rẹ̀ ń dún. Lọ́jọ́ karùn-ún ó kú. Wàrà ti gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà ẹran tó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà kò bá mi wí, ṣùgbọ́n mo bá ara mi wí. Ọmọ ẹran gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó na ọrùn síwájú bí ẹni tó wà lábẹ́ ìyá rẹ̀, kí ó sì fi agbára ara rẹ̀ fa wàrà. Èyí tí ara rẹ̀ tutù, tí kò lè fa ọmú, kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Dókítà ló kàn.

Nǹkan kan wà tí àwọn ọmọ kíláàsì fi mí rẹ́rìn-ín sí nígbà tí mo sọ ọ́: ọmọ ẹṣin máa ń jẹ ìgbẹ́ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí yóò máa bá a da koríko nínú ló ń gbà níbẹ̀, nítorí náà wọ́n máa ń fi ìgbẹ́ tútù ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, tí wọ́n ti fún lóògùn aràn, sí ẹ̀gbẹ́ ọmọ tí kò ní ìyá. Láti bí ọ̀sẹ̀ kejì ni kí koríko tútù àti oúnjẹ líle díẹ̀ ti wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú omi tó mọ́. Bí ó bá ti ń jẹ ìwọ̀nyí dáadáa, a lè gba wàrà lẹ́nu rẹ̀ ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin.

Kí á wá enìkejì fún un pẹ̀lú: ẹṣin àgbà oníwà pẹ̀lẹ́, tàbí ewúrẹ́ pàápàá. Ọmọ ẹṣin tó jẹ́ pé ènìyàn nìkan ló mọ̀ á gbà pé ènìyàn ni òun. Nígbà tó wà ní kílò 30, tó ń gbé ẹsẹ̀ lé àwọn ọmọdé léjìká, gbogbo ilé á máa rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bá di kílò 300, tó tún fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ilé-ìwòsàn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa gbọ́ gbogbo èyí tán, ó wá ní ilé àwọn kò ní ẹṣin, ewúrẹ́ kan ni ìyá òun ní, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ. Mo ní ọ̀kan náà ni wọ́n níbi ọ̀rọ̀ wàrà àkọ́kọ́. Mo ní kí ó bá ìyá rẹ̀ wá fídà tó mọ́ sílẹ̀, kí wọ́n sì mọ ẹni ládùúgbò tí ewúrẹ́ tirẹ̀ náà wà nínú oyún.