Eruku Tí Ọyẹ́ Ń Gbé Wá

Nígbàkígbà tí ọyẹ́ bá dé, ẹjọ́ kan náà ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu tàgbà tèwe: ikọ́, ètè tí ó bẹ́, ọkọ̀ òfuurufú tí kò lè gbéra. Ìyàwó ilé a nu tábìlì ní òwúrọ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ọmọdé a ti lè fi ìka kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i. A kò jiyàn ìyọnu yìí. Ohun tí àwa kò fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí ń wí pé ìdọ̀tí lásán ni eruku náà, tí kò ní orírun, tí kò sì ní ibi tí ó ń lọ.

Ní àríwá ilẹ̀ Chad, ibì kan wà tí à ń pè ní Bodélé. Ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn, ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá ni ibẹ̀ jẹ́. Adágún Chad tí a mọ̀ lónìí ni ìyókù rẹ̀. Nígbà tí omi gbẹ, ó ku erùpẹ̀ funfun lẹ́búlẹ́bú, èèpo ara àwọn ẹ̀dá inú omi tí ojú lásán kò lè rí. Afẹ́fẹ́ a gba àárín òkè Tibesti àti òkè Ennedi kọjá tagbáratagbára. Yanrìn ni ó kọ́kọ́ ń tì. Yanrìn a ta sókè, a tún já lulẹ̀, bí ìgbà tí ọmọ odó bá ń gún èlùbọ́, èyí ni ó sì ń tú eruku kíkúnná sókè. Yanrìn kì í rìn jìnnà. Eruku ni ó ń bá afẹ́fẹ́ dé Kano, dé Ìbàdàn, dé orí òkun.

Òmíràn tilẹ̀ ń la òkun Àtìláńtíìkì kọjá. Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ tí wọ́n lo sátẹ́láìtì NASA kéde pé eruku Sàhárà tí ó ń bọ́ sí agbègbè odò Amasọ́nì lọ́dọọdún lé ní mílíọ̀nù 27 tọ́ọ̀nù, àti pé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ tó nǹkan bí 22,000 tọ́ọ̀nù. Ohun tí à ń gbá dànù níhìn-ín, ajílẹ̀ ni fún igi lọ́hùn-ún!

Eruku tí ó bọ́ sílẹ̀ kò tíì parí ìrìn rẹ̀. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tí koríko bò, òjò a rì í mọ́lẹ̀, gbòǹgbò a sì dì í mú. Bí ó bá bọ́ sórí ilẹ̀ gbalasa, afẹ́fẹ́ ọ̀la ni yóò tún gbé e. Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Kò sí ìjọba tí ó lè fi òfin dá ọyẹ́ dúró, ṣùgbọ́n iná tí à ń ti bọ igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọwọ́ ènìyàn ni ó ń dá a. Ẹni tí ó sun igbó ti tú aṣọ lára ilẹ̀, kì í sì í ṣe Chad nìkan ni eruku orí òrùlé wa ti wá.

Ẹ̀yin olùkọ́, nígbà ọyẹ́ tí ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ gbé àwo funfun méjì síta, ọ̀kan sórí pápá ilé-ìwé, ọ̀kan sí ẹ̀bá ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí. Ní ọjọ́ kejì, kí wọ́n fi àwọ̀ eruku inú méjèèjì wé ara wọn, kí wọ́n sì sọ fún yín èyí tí ó jẹ́ àlejò àti èyí tí ó jẹ́ onílé.