Kátá wo ló ń lo oṣù mẹ́ta?

Bí ẹ bá dúró sí ẹnu kẹ́míìsì ní Àgbowó nírọ̀lẹ́, kò ní pẹ́ tí ẹ máa gbọ́ ọ: "Ẹ fún mi ní kápúsù méjì, kátá ń dà mí láàmú." Ẹni tó ń tà kò béèrè ọjọ́ tó ti ń ṣe é, ẹni tó ń rà náà kò sọ. Ó parí nìyẹn.

Lójú tèmi, àṣà yìí léwu ju kátá fúnra rẹ̀ lọ. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn lásán, antibiotic kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Oògùn tí a ń fín símú kó lè là ńkọ́? Tí ẹ bá lò ó ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ, òun gan-an á bẹ̀rẹ̀ sí í dí imú, ẹ ó sì tún lọ ra òmíràn.

Èyí tí kò lọ ló ń bà mí lẹ́rù. Ìbàdàn yìí náà ti kọ́ ayé lọ́gbọ́n lórí rẹ̀. Lọ́dún 1967, F. D. Martinson, dókítà etí, imú àti ọ̀fun níbí, àti B. M. Clark kọ̀wé nípa àwọn aláìsàn ní Nàìjíríà tí imú wọn dí, tó wá ń wú díẹ̀díẹ̀. Irú àìsàn yìí kì í sábà dunni, ṣùgbọ́n ó lè yí ojú èèyàn padà. Fungus, ẹbí olú, tó ń gbé inú ilẹ̀ àti ewé jíjẹrà ló ń fà á. Kò wọ́pọ̀ o, àmọ́ kápúsù kẹ́míìsì kò ràn án. Àfi kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ níbi tó wú, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ ohùn náà ńkọ́? Kọ̀ńdọ́ tó ń pe "Challenge! Challenge!", ìyá tó ń tajà ní Dùgbẹ̀, akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, ohùn gbogbo wọn lè há fọ́jọ́ mélòó kan. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, orógbó ti ṣe tirẹ̀ tán. Ó yẹ kí dókítà fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ oníkámẹ́rà wo tán-án-ná. Ó lè jẹ́ kókó kékeré tí ariwo fà, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹnu lásán kò lè sọ ọ́.

Ihò imú kan ṣoṣo tó ń dí tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kókó lọ́rùn tí kò lọ, etí kan tó ṣàdédé dí: ẹ má fi falẹ̀. Tí ihò imú ọmọdé kan bá sì ń rùn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti ki ìlẹ̀kẹ̀ tàbí ẹ̀wà bọ̀ ọ́.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: owó dà, èrò sì pọ̀ ní UCH. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò owó kápúsù oṣù mẹ́ta ná. Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, bíi ti Ring Road. Bó bá yẹ, wọ́n á kọ lẹ́tà fún yín lọ sọ́dọ̀ onímọ̀.

Ká tó lanu béèrè oògùn, ká kọ́kọ́ ka ọjọ́. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.