Fòníkú-Fọ̀ladìde

Ẹ̀yin olùwòran wa, fòníkú-fọ̀ladìde ni àwọn baba wa pe àrùn yìí, nítorí pé ìrora rẹ̀ a máa lọ, a sì tún máa padà. Ohun tí ojú wọn kò tó ni sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì yìí rí roboto, ó sì rọ̀. Hẹmoglóbíìnì inú rẹ̀ ni ó ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara. Ní 1957, Vernon Ingram fi hàn pé ásíìdì amínò kan ṣoṣo ni ó yàtọ̀ nínú hẹmoglóbíìnì aláìsàn náà. Bí ọ́síjìn bá dín kù, hẹmoglóbíìnì bẹ́ẹ̀ a so pọ̀, sẹ́ẹ̀lì a tẹ̀ bíi dòjé, a sì dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Ìrora dé nìyẹn.

Àjogúnbá ni, kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àbíkú. Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, ewu pé ọmọ yóò jẹ́ SS jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin nínú oyún kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ẹ̀yin àfẹ́sọ́nà, ẹ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó ṣe ìdána.