Íntánẹ́ẹ̀tì ọ́fíìsì ń falẹ̀: Ṣé wáyà abẹ́ òkun ló fà á ni, àbí proxy yín?

Ní Douala, olú ìlú ọrọ̀ ajé Cameroon, ọ̀nà jíjìn ni ọ̀pọ̀ ohun tí àwọn èèyàn ń wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń wá. Láti ọdún 2002 ni wáyà abẹ́ òkun SAT-3, tó gúnlẹ̀ síbẹ̀, ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Yúróòpù àti South Africa.

Lọ́jọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, SAT-3 wà lára wáyà mẹ́rin tó bàjẹ́ nítòsí Abidjan. Íntánẹ́ẹ̀tì di ọ̀wọ́n ní Côte d'Ivoire, Ghana, Benin àti Nàìjíríà.

Láti ìgbà náà, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti falẹ̀, wáyà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, inú ọ́fíìsì gan-an ni ìṣòro wà.

Kí ni caching proxy?

Kọ̀ǹpútà tó dúró láàárín àwọn òṣìṣẹ́ àti íntánẹ́ẹ̀tì ni. Bí ẹnì kan bá béèrè ojú ewé kan, proxy á lọ mú un wá, á sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹni tó bá tún béèrè rẹ̀, inú ilé ló ti máa rí i gbà. Ẹni tó ti pọn omi kún àmù kì í padà sódò nítorí ife kan.

Ibo ni kí o kọ́kọ́ wò?

Squid, ọ̀kan lára àwọn proxy tó gbajúmọ̀, máa ń kọ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe pẹ́ tó sínú fáìlì access.log.

TCP_HIT túmọ̀ sí pé ẹ̀dà tó wà nílé ni proxy fún èèyàn. TCP_MISS túmọ̀ sí pé ó jáde lọ wá a.

Bí MISS nìkan ló ń pẹ́, ìta ni kí o yẹ̀ wò. Bí HIT náà bá ń pẹ́, ẹ̀rọ náà tàbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì ló ní àìsàn. Owó tí wọ́n bá fi ra data sí i kò ní wò ó sàn.

Ohun mẹ́ta tó sábà máa ń fà á

DNS: Òun ló ń yí orúkọ ojú òpó padà sí nọ́mbà àdírẹ́sì. Bí DNS àkọ́kọ́ kò bá dáhùn, Squid á dúró dè é kó tó bi òmíràn.

RAM: Squid nílò nǹkan bíi 14MB RAM fún 1GB tó bá kó sórí disk, kó lè rántí ibi tó kó ẹrù sí. 100GB yóò gba nǹkan bíi 1.4GB RAM. Bí RAM bá tán, disk ni kọ̀ǹpútà máa ń lò dípò rẹ̀, gbogbo nǹkan á sì máa wọ́.

HTTPS: Ọ̀pọ̀ ojú òpó ló ń fi àṣírí bo ohun tó ń kọjá báyìí. Proxy lásán kò lè rí inú rẹ̀, kò sì lè tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. CONNECT ni wàá rí nínú access.log. Proxy náà kò bàjẹ́. Iṣẹ́ tó lè ṣe níbẹ̀ ló kéré.

Bí o bá fẹ́ tún un ṣe, ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, fi access.log ọjọ́ kejì wé ti àná, ní wákàtí kan náà. Ìgbà yẹn ni wàá mọ̀ bóyá ó yẹ kí ọ́fíìsì san owó kún owó íntánẹ́ẹ̀tì.