Ìpayà òjijì kì í ṣe ikú: Ohun tó yẹ kí ará Kétu mọ̀ nípa ìtọ́jú rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ìyálọ́jà kan wà lọ́jà Kétu, ní ẹkùn Plateau lórílẹ̀-èdè Benin. Ó ń wọn gàrí fún oníbàárà nígbà tí àyà rẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì. Èémí ń gé e, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, òógùn bò ó. Ohun kan ṣoṣo tó wá sí i lọ́kàn ni pé ikú ti dé. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi rọlẹ̀, àmọ́ látọjọ́ náà ni ẹ̀rù ọjà ti ń bà á. Àwọn kan ní ayé ló ń ṣe é, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Yorùbá ní àìsàn ló ṣeé wò, a kì í rí tọlọ́jọ́ ṣe. Ìpayà òjijì máa ń jọ ọlọ́jọ́ lójú ẹni tó bá mú, àmọ́ àìsàn ni, ó sì ṣeé wò.

Kí ló ń fà á?

Láyé ogun, iṣẹ́ oníbodè ni láti ké bí ọ̀tá bá ń bọ̀. Ara wa náà ní oníbodè tirẹ̀. Bí ewu bá dé, á mú kí ọkàn sáré kí èémí sì yá, ká lè jà tàbí ká sá. Nínú ìpayà òjijì, ńṣe ni oníbodè yìí ń ké láìsí ogun. Bí èèyàn bá wá ń mí lókè-lókè, carbon dioxide inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dín kù jù. Ìyẹn ló ń fa òòyì, tí ọwọ́ á sì máa ṣeni bíi pé èèrà ń rìn lára rẹ̀. Ó sábà máa ń dé góńgó láàárín ìṣẹ́jú 10, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀.

Lọ́dún 1986, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Clark, ṣàlàyé pé ìtumọ̀ tí a bá fún ohun tó ń ṣe ara ló ń dá kún un. "Àyà mi ń lù, mo ti ń kú lọ": ẹ̀rù yẹn á tún mú kí àyà lù sí i.

Ọ̀nà ìtọ́jú

Àkọ́kọ́, ẹ lọ sílé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ yín wò, torí àìsàn mìíràn lè jọ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ ìpayà, ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ á kọ́ aláìsàn láti yẹ èrò rẹ̀ wò. Ó lè kọ ọ́ sínú ìwé: Kí ló ṣe mí? Kí ni mo rò? Ẹ̀ẹ̀melòó ló ti ṣe mí, ṣé mo kú? Lẹ́yìn náà, á máa padà díẹ̀díẹ̀ síbi tó ń sá fún.

Ní ti oògùn, sertraline àti fluoxetine wà lára èyí tí dókítà máa ń kọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 2 sí 6 kó tó ṣiṣẹ́, a kì í sì í dá a dúró lójijì. Diazepam, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Valium, máa ń tètè fini lọ́kàn balẹ̀, àmọ́ ó lè di bárakú. Ẹ má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta oògùn lójú títì.

Ọmọ ilẹ̀ wa kan

Abúlé Kétoukpé, nítòsí ààlà Benin àti Nàìjíríà, ni wọ́n bí Grégoire Ahongbonon sí. Lọ́dún 1971 ló lọ sí Côte d'Ivoire. Ó ṣe fọganáísà, ó sì di ọlọ́kọ̀ takisí. Nígbà tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ó rẹ̀wẹ̀sì débi pé ó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ìyẹn yàtọ̀ sí ìpayà òjijì, àmọ́ ó mọ bó ṣe ń rí kí ọkàn ẹni dojú ìjà kọni. Lẹ́yìn tó bọ́, ó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀ ní Bouaké. Ẹgbẹ́ náà ń tú àwọn alárùn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, wọ́n sì ń fún wọn lóògùn. Ó ní ibùdó ní Avrankou, ní Benin.

Bí ìpayà bá mú ẹnì kan lójú yín, ẹ má pariwo, ẹ má sì dà bò ó. Ẹ jókòó tì í, ẹ ní kó rọra máa mí, ẹ sọ fún un pé yóò rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.